Sáàpù Kọ́ Ló Jẹ́ Kí N Rù

Nígbà ayé Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, níbi tí a tò sí de bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ní Sango, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin méjì kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà ti rù o! Sáàpù yìí ò dáa."

"Sáàpù kọ́. Mo ti sanra jù, làbúrò mi bá mú mi lọ sí London. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ dín ikùn mi kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbàyè níbi iṣẹ́ kí ara mi lè kọ́fẹ padà."

"Ẹ wọ bàálù lọ rù? Ọ̀fẹ́ làwa ń rù ní Sango níbí!"

"Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ebi ló ń pa mí, wọ́n tiẹ̀ dá gàrí jọ wá kí mi. Ojú tì mí, mi ò lè sọ òótọ́. Síbí mẹ́ta péré ni mo sì lè jẹ."

"Ẹ gbé gàrí yẹn wá. Ẹ máa rù lọ, èmi á máa bá yín sanra."