Ojú Tí Mo Rán sí Ọmọláńgidi Dúpẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọmọ tí mo ṣẹ̀ máa jáde ìwé mẹ́fà, n kò sì lè pa á mọ́ra mọ́.

Tíṣà ni mí ní Lọ́kọ́jà. Ìlànà Waldorf ni ilé ẹ̀kọ́ wa ń tẹ̀ lé: tíṣà kan náà ló ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, orin, ìtàn àti iṣẹ́ ọwọ́ la sì fi ń kọ́ wọn. Tí a bá gba ọlidé, àwa tíṣà náà á lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i.

Lọ́dún kan, níbi ẹ̀kọ́ ọlidé náà, wọ́n ní ká rán ọmọláńgidi aláṣọ. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ìyá ọlọ́mọ! Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo yọ́ lọ ṣe irun ní Natako. Nígbà tí mo dé, mo wo ti ẹni tó jókòó tì mí, mo rán tèmi bẹ́ẹ̀. Kò lójú, kò lẹ́nu. Mo rò pé àkókò ni kò tó.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Dúpẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú, ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ ní Gadumo. Nígbà tí mo kọ́ àwọn ọmọ láti rán tiwọn, tí kò lójú bíi tèmi, àjákù ìró ìyá rẹ̀ ló fi rán aṣọ ọmọláńgidi tirẹ̀. Ó máa ń gbé e mọ́ra, á máa bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà tí wọ́n lọ ṣeré, mo mú abẹ́rẹ́, mo rán ojú sí ọmọláńgidi náà, pẹ̀lú ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé inú rẹ̀ á dùn ni.

Ó wọlé, ó wò ó. "Àǹtí, ta ló ṣe é? Màmá mi kọ́ nìyí." Ó sunkún títí ó fi sùn. Mo ní n kò mọ̀.

Ní ọlidé tó tẹ̀ lé e, mo bi olùkọ́ wa ìdí tí ọmọláńgidi wa kò fi lójú. Ó ní, "Kí ọmọ lè máa rí ojú ẹni tó wù ú níbẹ̀ ni, Mà. Ṣé ẹ ò sí níbẹ̀ ni?" Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo bà jẹ́ fún Dúpẹ́. Síbẹ̀, n kò jẹ́wọ́ fún ọmọ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n ya ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù. Dúpẹ́ ya ìyá rẹ̀. Ojú tí mo rán ló yà.

Mo ní, "Ṣé bí màmá rẹ ṣe rí nìyí?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Mi ò rántí òmíràn mọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yìí. Bí mo bá sọ fún un pé èmi ni mo rán an, ojú ta ni yóò kù fún un?