Ìwé Tí Mo Kà fún Ìyá Ràfíátù

Wọn kì í dájọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní Togo. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wà láàyè láti kọ èyí. Ogún ọdún ni adájọ́ dá fún mi. N kò bá a jiyàn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ní èbúté Lomé ni mo ti ń bá àwọn oníṣòwò kọ ìwé ẹrù. Nítorí pé mo gbọ́ Faransé, àwọn Yorùbá tí mọ́tò bá gbá a máa wá mi, kí n bá wọn lépa owó gbà-má-bìínú. Ìlànà rẹ̀ kò le. Wàá gba ìwé ọlọ́pàá àti ìwé dókítà, wàá tọ́jú rìsíìtì oògùn. Bí egbò bá jinná tán, dókítà tí ilé iṣẹ́ adójútòfò mọ́tò náà yàn yóò wo ohun tí kò lè bọ̀ sípò mọ́ lára rẹ, òun ni wọn yóò fi mọ iye tí wọn yóò san. Mo máa ń gba díẹ̀ níbẹ̀.

Télọ̀ kan ni mo kọ́kọ́ bá purọ́. Apá rẹ̀ ti san, mo ní kó fi aṣọ gbé e kọ́rùn lọ bá dókítà. Wọ́n sanwó, a rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni irọ́ ti mọ́ mi lára.

Lẹ́yìn náà ni tírélà gbá Ìyá Ràfíátù, aláṣọ ní àdúgbò Aflao-Gakli, ẹni tó fún mi nílé sùn nígbà tí mo dé Lomé. Ojúgun rẹ̀ kán, awọ ara ibẹ̀ sì ya. Ọsibítù tọ́jú rẹ̀, egbò náà ń jinná dáadáa. Ìyẹn gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mo lọ kí i, ó fi lẹ́tà kan tí ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ hàn mí.

"Ọmọ mi, kí ni papíyé yìí ń wí?"

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí ó máa gba ìtọ́jú lọ, kí ó kó rìsíìtì wá, àwọn yóò dá owó rẹ̀ padà. Dókítà wọn yóò rí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ má lo oògùn mọ́, kí nọ́ọ̀sì má sì fọ egbò náà títí dókítà wọn yóò fi rí i."

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ó dáa. Àwọn ló mọ̀wé."

Mo gba àpò oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò mi ni pé bí ẹsẹ̀ bá ṣe burú tó, bẹ́ẹ̀ ni owó yóò ṣe pọ̀ tó.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ràfíátù, ọmọ rẹ̀, pè mí. "Bùrọ̀dá, ẹsẹ̀ Màámi ti ń rùn. Ara wọn gbóná. Ṣé ká gbé wọn lọ sí ọsibítù?"

"Ẹ ní sùúrù. Bí dókítà mìíràn bá fọwọ́ kàn án, ẹ ti pàdánù gbogbo owó náà nìyẹn."

Mo mọ ohun tí òórùn egbò ń sọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jẹun. Nígbà tí wọ́n fi gbé e lọ, oró egbò náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó kú.

Ọlọ́pàá rí lẹ́tà náà, wọ́n sì mú mi. Ní kóòtù, ògbufọ̀ ka lẹ́tà náà ní Yorùbá. Ràfíátù ní kó tún un kà. Ó wá kọjú sí mi: "Màámi bẹ̀ mí pé kí n pe dókítà. Èmi ni mo ní kí wọ́n fara dà á, pé ìwé ló wí bẹ́ẹ̀." Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ èdè tí òbí yín kò gbọ́, ohun tó wà nínú ìwé ni kí ẹ kà fún wọn. Bí mọ́tò bá gbá ènìyàn, ẹ tọ́jú rẹ̀ ná. Owó ń dúró, egbò kì í dúró. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Wọ́n sọ fún mi pé Ràfíátù ṣì ń wí pé òun ló pa ìyá òun. Ẹni tó bá rí i nínú yín, kó bá mi sọ fún un pé èmi ni.