Yàrá Tí Mo Bí Ìbùkún Sí

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti gbé e síwájú Ọlọ́run títí, ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Wọ́n ní kí n padà sí ilé tí wọ́n ti ní ká kó jáde. Kì í ṣe pé kí n wá gbé ibẹ̀ o, kí n wá máa fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn àlejò ni. Yàrá tí mo bí Ìbùkún ọmọ mi sí wà lára èyí tí n óò máa gbá.

Ilé Màmá ni, ní Kàbà níhìn-ín. Màmá kò bí mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ti gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ti sọ mí di ọmọ. Láràárọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn wa fún àdúrà; òun a dá orin, àwa a gbè é. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, a ṣe bí a ti máa ń ṣe: a kó àwọn ọmọ wa sórí ẹní ní pálọ̀, a fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún àwọn tó wá sìnkú. Ta ni yóò gbowó lọ́wọ́ ẹni tó wá bá ni sọkún? Àwọn ọ̀rẹ́ Bọ̀dá Fẹ́mi, ọmọ Màmá tó wà ní Àbújá, ló sùn sí yàrá tiwa. Mo gbé omi gbígbóná fún wọn, mo gúnyán. Wọ́n yin ibẹ̀ títí. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá ti rí i pé àwọn tó ń wálé fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó lópin ọ̀sẹ̀ yóò sanwó fún ibùsùn tó mọ́.

Kò pẹ́, ó ní ká wá ibòmíràn. Wọ́n kun ilé, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí fóònù kí àwọn àlejò lè máa sanwó gbà á. Àwọn onílé míì ládùúgbò ṣe bẹ́ẹ̀, yàrá wá dàwátì, àfi ká lọ gba èyí tó wà lẹ́yìn ìlú. N kò lè bú Bọ̀dá. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé yẹn ló fi ń ra oògùn ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Àìkú bá ti kọjá, Màmá nìkan ló ń kù láàárín yàrá títì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ni ẹni tó gbé omi wá tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo sáré lọ kí i. "Okun o, Ìyá Ìbùkún," ó kí mi bí wọ́n ti ń kíni ní Kàbà. "Gbogbo orin àdúrà ni mo kọ tán nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbè é. Ṣé ohùn mi ti burú tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Bọ̀dá fi iṣẹ́ yìí lọ̀ mí, kí n lè máa rí Màmá. Ọkọ mi ní, "Kí o lọ máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tó gba yàrá wa?" Mo ní Olúwa wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Wọn kò lé Olúwa jáde rí nínú yàrá tó ti wẹ ẹsẹ̀ wọn."

Kí ni kí n ṣe? Ojú ń tì mí láti lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí láti jókòó. Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé, àwọn àlejò ti ń lọ, Màmá nìkan ni yóò dá orin.