Ọ̀nà Ibẹ̀ Ló Kú Sí

Lọ́jọ́ tí mo lọ yẹ ojú mi wò nílé ìwòsàn n'Íjemọ̀, ìyá àgbàlagbà kan jókòó tì mí, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń ka ìwé ìtàn fún un, nítorí ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì. Ìtàn àtijọ́ ni òǹkọ̀wé náà tún sọ bíi ti òde òní: ọlọ́ṣà kan tó ti pààyàn ronú pìwà dà, ó gbéra lọ sí ìlú àwọn ẹni rere, ó kú kó tó débẹ̀, síbẹ̀ ó wọ Alùjánà.

"Kò kúkú débẹ̀," ni ìyá wí.

"Ọ̀nà ibẹ̀ ló kú sí, Màámi."

"Àwọn tó pa ńkọ́? Ta ló bi wọ́n léèrè?"

"Ìyàwó ẹnì kan nínú wọn sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Ó ní òun ò dárí jì í, ṣùgbọ́n òun ò ní dínà mọ́ ọn."

Nọ́ọ̀sì jáde, ó pe ẹlòmíì wọlé.

"Nítorí bàbá yín lo ṣe ń ka èyí fún mi," ni ìyá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó fi wá sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù rẹ̀, ilé ló ń bọ̀ kí mọ́tò tó gbá a pa l'Ékòó."

"'Ó ń bọ̀' kì í ṣe 'ó dé.'"

Jẹ́jẹ́ ni ìyá sọ ọ́, bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ náà pa ìwé dé.

Nígbà tó yá, ìyá yíjú sí i.

"Níbo lẹ sin ín sí? N ò bi yín rí."