Mo Mọ̀ Pé Abẹ́ Ọkọ̀ Náà Ti Dípẹtà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ìwé mi yìí dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ru òkú kan àti alààyè kan, tí n kò sì rí ibi tí màá sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí.

Àwa méjì péré la mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kejì kú nínú ọyẹ́ tó kọjá. Nígbà tí wọ́n sìnkú rẹ̀ tán, inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, òótọ́ ni mò ń sọ. Inú mi dùn pé ẹni tó lè tú àṣírí mi ti lọ. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rù ara mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mo ní, ṣé irú èèyàn tí mo ti wá dà nìyí? Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn. Orúkọ tí màá dá kì í ṣe orúkọ àwọn èèyàn náà gan-an.

Ọmọ Ìsọlọ̀ ni mí. Bàbá mi ti kú, èmi ni àkọ́bí. Akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ kan ní Àpápá. Nígbà yẹn, kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn dé Òṣòdì láàárọ̀ kí n tó wọ rélùwéè.

Ó ku díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà tí òyìnbó kan ní ibi iṣẹ́ wa ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kan, pupa, oníjókòó méjì, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí a lè ká sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yọjú lójú fèrèsé wo ọkọ̀ náà. Èmi ni mo rà á.

Òyìnbó náà kò tàn mí. Ó mú mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ní àìsàn kan náà ló ń ṣe gbogbo irú ọkọ̀ yẹn. Omi máa ń wọ inú irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú, ojú kò ní tètè rí i. Irin yẹn ló so iwájú ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí kò ní òrùlé tí yóò bá a gbé e. Ó ní, bí ibẹ̀ bá ti lọ, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. Mo ní, "Yẹ́ẹ̀sà." Àwọ̀ pupa yẹn nìkan ni mò ń wò.

N kò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé ìfẹ́ tí mo ní sí ọkọ̀ yẹn. Ní Sátidé, màá fọ̀ ọ́, màá fi aṣọ rírọ̀ nù ún títí màá fi máa rí ojú ara mi lára rẹ̀. Àwọn àgbà tí kì í dáhùn ìkíni mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọ̀gá. Mo ti mọ adùn rẹ̀ kí n tó mọ ìyọnu rẹ̀.

Òjò ọdún kìíní ni ìyọnu náà ti bẹ̀rẹ̀. Omi ń wọ ilẹ̀ ọkọ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ ra abẹ́ ilẹ̀kùn, ìpẹtà á máa ṣí sí mi lọ́wọ́ bí èèpo igi. Nígbà tí ó di ọdún kejì, ilẹ̀kùn kò bá ojú ibùdó rẹ̀ mu mọ́. Àyè tó wà lókè rẹ̀ ń fẹ̀ sí i.

Wẹ́dà kan wà ní Òṣòdì, lẹ́bàá ojú irin, Bàbá Lámídì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bá mi jó irin mọ́ ibẹ̀. Nígbà kẹta, bí ó ṣe fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Bàbá náà gbé iná tó fi ń jórin sílẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí ti ṣẹ́ láàárín. Pẹ́ǹtì ló dì í mú. Má gbé e jáde mọ́ títí màá fi rí irin tó nípọn tí màá fi gbà á nísàlẹ̀."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá."

Mo wà á lọ sílé díẹ̀díẹ̀. Mo fi àkísà àti ọ̀dà dúdú dí ihò abẹ́ rẹ̀, mo kun pẹ́ǹtì pupa lé e. Irin jíjẹrà yẹn gé mi lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ náà. N kò kàn fẹ́ kí Ìsọlọ̀ tún rí mi lórí kẹ̀kẹ́ ni.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, Fúnmiláyọ̀. Òun nìkan ni àbúrò mi. Lọ́dún yẹn, wọ́n gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn. Kò tí ì sí obìnrin kankan nílé wa tó kàwé débẹ̀. Rélùwéè ni yóò wọ̀ ní Òṣòdì. Mo ti pinnu pé inú ọkọ̀ pupa ni wọ́n máa rí i tí yóò ti bọ́ sílẹ̀ níwájú ibùdókọ̀ ojú irin.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ náà pé, ọwọ́ mi tí irin gé ti wú. N kò lè di sítíárìn mú. Ìyá mi ní kí Fúnmi kúkú wọ bọ́lẹ̀kájà. Mo kọ̀. Mo ránṣẹ́ pe Ràfíù.

Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni Ràfíù. Ilé wọn àti ilé wa kò ju ìsọ̀kò kan lọ. Bí a bá ń ṣe Kérésì, ilé wa ló ti ń jẹun. Bí wọ́n bá ń ṣọdún Iléyá, ilé wọn ni mò ń wà. Dírẹ́bà ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà lọ sí Òkè Ọya, kò sì fi ọkọ̀ pa adìẹ rí.

A di àpótí páànù Fúnmi àti àpò gàárì tí ìyá mi dì fún un mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹrù náà wúwo. Ọkọ̀ rọlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Fúnmi jókòó, Ràfíù fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò pa dé.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kí ló ṣe ilẹ̀kùn yìí?"

Mo ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń le ni."

Ó wo ojú mi. "Ṣé kò sí nǹkan kan lábẹ́ ọkọ̀ yìí?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan. Bàbá Lámídì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni."

Fúnmi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ tì í dáadáa o, kí n má baà já bọ́ lọ́nà."

Mo fi ìbàdí gbún ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn. Ó pa dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi: èmi ni mo tì í mọ́ ọn.

Wọn kò dé Òṣòdì. Ọ̀gbẹ́ni kan tó gun kẹ̀kẹ́ ló sáré wá pè wá. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ̀ náà wà nínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ti ká láàárín, imú rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sósì. Wọ́n ti gbé Fúnmi jáde. Ó ti kú kí a tó gbé e dé ọsibítù.

Ràfíù jókòó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó di gèlè Fúnmi mú. Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Ó ṣẹ́ lábẹ́ mi. Mo yí sítíárìn, iwájú dá mi lóhùn, ẹ̀yìn kò tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi, ó ti ṣẹ́ kí ó tó yà."

Mo ti rí àkísà mi. Ó ń yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí irin ti já, ọ̀dà dúdú lára rẹ̀. Àwọn èèyàn pé lé àbúrò mi lórí, wọ́n ń ké. Èmi lọ bẹ̀rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀, mo fa àkísà náà yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo jù wọ́n sínú igbó. Ohun tí mo ṣe nìyẹn kí n tó lọ wo òkú àbúrò mi.

Àwọn ọlọ́pàá yẹ bíréèkì àti táyà wò, wọ́n ní ó dára. Wọ́n ní ìkọlù ló ká ọkọ̀ náà. Wọ́n bi mí bóyá ó ní àbùkù kankan. Mo ní kò ní. Ní kóòtù, mo tún sọ ọ́, mo gbé Bíbélì lọ́wọ́. Ràfíù ń wò mí láti ibi tó dúró sí. Ojú rẹ̀ kò le. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rántí nǹkan tó gbàgbé.

Wọ́n ní eré àsápajúdé ló sá. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún méjì, wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀.

Bàbá Lámídì wá bá mi nílé lẹ́yìn rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, "Ṣé o sọ fún ọmọ yẹn?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní n kò sọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ó bò mí. Ó ní òun á bò mí nítorí ìyá mi tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí n má ṣe yà ní ìsọ̀ òun mọ́ láéláé. Kò sì sọ ọ́ títí ó fi kú.

Ìyá Ràfíù kú nígbà tí ó wà lẹ́wọ̀n. Wọn kò jẹ́ kí ó wá sin ín. Ìyàwó rẹ̀ kó ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀. Nígbà tí Ràfíù jáde lẹ́wọ̀n, kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ dírẹ́bà. Alábàárù ni ní ibùdókọ̀ ojú irin Òṣòdì báyìí. Láàárọ̀, bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń rí i tí ó ru ẹrù àwọn èrò rélùwéè. Mo máa ń gba ẹ̀yìn kọjá kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, Ràfíù àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọlé wá bá wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá mi.

Ó ní, "Màmá, mo ti rò ó títí lẹ́wọ̀n. Mo máa ń sọ pé mi ò sáré. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ní mo sáré. Bóyá mo sáré lóòótọ́. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá mi na ọwọ́, ó gbé e dìde. Ó ní, "Ó tó. Ọmọ mi ni ìwọ náà." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ràfíù, mo ti dárí jì ọ́."

Ó dì mọ́ mi, ó sunkún. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Láti ọjọ́ náà n kò lè jẹ Ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ pàápàá ń korò lẹ́nu mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló tún padà wá. Ó ní ẹnì kan sọ fún òun pé wọ́n lè dá láísẹ́ǹsì òun padà, bí ẹni tó ni ọkọ̀ tó sì tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n olóògbé bá lè kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún òun. Kò mọ̀wé. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ti kọ́gbọ́n. Kí n kọ ọ́ pé òun kò ní sáré mọ́. Ó ní kí n má gbàgbé láti fi kún un pé òun mọ ẹ̀bi òun.

Ó ní òun á wá gba ìwé náà lọ́jọ́ Ẹtì, bí òun bá ti kírun Jímọ̀ tán.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí. Bí mo bá kọ òtítọ́, ìyá mi á mọ ẹni tó pa ọmọ rẹ̀, n kò sì rò pé ó lè gbé ìyẹn. Bí mo bá kọ ohun tí Ràfíù ní kí n kọ, ó lè rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà padà, ṣùgbọ́n èmi ni mo tún fi ọwọ́ ara mi dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì, tí yóò sì tún kí mi pé o ṣeun.

Òní ni Ọjọ́rú. Bébà wà níwájú mi, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo tí ì kọ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ tẹ̀ lé e?