Aṣọ Funfun Tí Ọbẹ̀ Kì Í Kán Sí

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹ̀yin ará ìjọ! Bí ògo bá ṣẹ́ kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún aṣọ funfun mi. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ìkẹ́rẹ́? Èmi ni olùkọ́ àgbà tó máa ń wọ funfun jẹ iyán, tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kì í kán sí aṣọ rẹ̀. Ẹni tó bá so táwẹ́lì mọ́rùn jẹun nítòsí mi, mo máa ń bi í bóyá wọ́n fẹ́ gẹrun fún un ni.

Àrùn rọpárọsẹ̀ wá dé. Ó mú apá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ tètè gbọ́, ọpẹ́ ni, ọwọ́ kọ̀. Bí mo bá nà án sí àwo, á kọjá àwo. Bí mo bá bu òkèlè, ìka á fún un pinpin bí ẹni tó mú olè, kò sì ní dé ẹnu tí yóò fi dúró gbagidi. Ìyàwó mi, Ìyá Dáre, gbé ṣíbí wá. Ṣíbí, fún iyán, nínú ulé mi! Mo ní ebi sàn jù ú lọ. Mo ń ti ilẹ̀kùn jẹ búrẹ́dì, mo ń rù, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹlòmíràn ni yóò máa bọ́ mi títí n ó fi kú.

Dókítà obìnrin tó ń kọ́ àwa aláìsàn ní lílo apá lọ́sibítù bi mí bóyá mo ń fi ọwọ́ náà jẹun. Mo ní rárá, n kò fẹ́ da ọbẹ̀ sára.

Ó ní, "Bàbá, inú àṣìṣe lọwọ́ ti ń kọ́ ọ̀nà. Bí ẹ ò bá jẹ́ kó dà á nù, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tó ti ṣìnà? Ẹ má sì wo ọwọ́ mọ́. Ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò."

Nígbà tá a délé, Ìyá Dáre gún iyán, ó sì so táwẹ́lì mọ́ mi lọ́rùn. Mo ní aṣọ mi kò mọ ọbẹ̀ rí.

"Bàbá Dáre, ta lẹ rò pé ó ń fọ ẹ̀gúsí kúrò lára rẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Mo na ọwọ́ ọ̀tún sí iyán. Mo jẹun. Ọbẹ̀ dé irùngbọ̀n, ó dé àga, ó dé ilẹ̀. Ojoojúmọ́ la ń nù ún. Títí di ọjọ́ kan tí à ń jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀, mo ṣàdédé rí i pé ẹnu mi kún. Ọwọ́ ti lọ, ó ti bọ̀, n kò tilẹ̀ rán an. Ìyá Dáre gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ọpẹ́ ni!

Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kò tíì gbọ́, ẹ má tijú àtida ọbẹ̀ nù. Ẹni tó ṣe tèmi, kò tíì rẹ̀ ẹ́. Iyán wà lẹ́yìn ìsìn. Ẹ ó rí ọkùnrin kan tó wọ funfun, tó so táwẹ́lì mọ́rùn. Èmi ni.