Ẹkún Ìyàwó Tí Kò Lọ́kọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá mi ń bọ̀ lọ́la láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n ń bọ̀ wá wo ọkọ mi ní Sàńgó tí mò ń gbé, èmi kò sì lọ́kọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó bú mi.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ṣíwọ́, èmi ni mo ń kọrin fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ládùúgbò wa. Lọ́jọ́ kan, Dàmọ́lá, olórí wa tó ń ta gìtá, ní ariwo wa ti pọ̀ jù, ká ṣe orin jẹ́jẹ́ kan tó ní ohùn ilé nínú. Ẹnu mi tó máa ń yá ló kó bá mi! Mo ní mo mọ ẹkún ìyàwó, èyí tí ọmọge máa ń sun fún àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ. Díẹ̀ ni mo mọ̀ níbẹ̀. Ni mo bá pe ìyá mi lórí fóònù pé kí wọ́n kọ́ mi.

Mo gbàgbé pé nílé wa, ọmọbìnrin kì í kọ́ ẹkún ìyàwó lásán. Tó bá ti ń kọ́ ọ, ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀: "Háà, ọmọ mi! Ojú ò ní tì mí mọ́ láàárín ẹgbẹ́ mi!" Gbogbo àbúrò mi ló ti relé ọkọ. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tó máa ní orin lásán ni? Mo panu mọ́. Wọ́n kọ́ mi títí, wọ́n sì wúre fún mi: "Ilé ọkọ á tù ọ́ lára. Ọwọ́ rẹ á gbọ́mọ, ẹ̀yìn rẹ á pọnmọ." Mo ti gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù kí n lè máa fi kọ́ra.

Ní sítúdíò, a ṣe é, a tún un ṣe, kò bọ́ sí i. Gìtá ń bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Dàmọ́lá yọ ìlù kúrò, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí ìyá mi ṣe sun ún gan-an. Mo tẹ fóònù, ohùn ìyá mi jáde. Nígbà tó wá kàn mí, ẹkún gidi ni mo sun: "Ìyá mi, mo ń lọ, ẹ má jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí mọ́." Orin náà wọlé! Àfi bí Dàmọ́lá ṣe fi ohùn ìyá mi tó ń wúre lórí fóònù parí rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ yọ ọ́, màámi ò mọ̀ o!"

Ó ní, "Àǹtí, tá a bá yọ ọ́, kí ló kù? A ti announce ẹ̀ jàre. Friday ló ń jáde."

Orin náà ti jáde báyìí. Àná ni ìyá mi pè, wọ́n ní kí lorúkọ ọkọ mi. Mo kàn ń wúkọ́ ṣáá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ojú ló ń ti ìyàwó, pé àwọn á fojú ara àwọn rí i, pé iṣu rẹ̀ ti wà nínú àpò.

Mo ń tan ara mi pé n kò parọ́, pé ẹnu lásán ni mo pa mọ́. Kí wá ni ìyàtọ̀? Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, ká ní ẹ̀yin ni, èwo ni ẹ máa fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́: pé kò sí ọkọ, àbí pé àdúrà tí ẹ fomijé gbà ti di orin tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ gbọ́ lórí fóònù? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọ̀la ni ìyá mi ní àwọn máa wọ̀.